Bọ́ńpà Tíṣà àti Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lámì

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ létí mi pé ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀wé kà, kí onítọ̀hún yáa múra ìjà sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́nu ẹni tí kò yẹ kó sọ ọ́, níwájú àwọn tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí. Inú mi kò tíì rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tó jẹ́ fún yín. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni kó tú bọ́ńpà tó ti fọ́ kúrò lára mọ́tò, kó sì de tuntun síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ló ti ń ṣe é, ọdún mọ́kànlélógún gbáko. Rọra ni wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹni tó bá a di bọ́ńpà mú bá fẹ́ fà á, á ní, "Rọra." Bí oníbàárà bá pa ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ dé gbàù, á ní, "Ẹ rọra." Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ó máa ń sọ ọ́ lójú oorun. Àwọn àgbà ló wí pé ohun tí a bá fi pẹ̀lẹ́ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀.

Ó ní bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Sípánà kì í kan nọ́ọ̀tù kankan títí gbogbo wọn á fi wọlé. Ọwọ́ lásán ló fi ń bẹ̀rẹ̀ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èmi náà ṣe ń fi abẹ́rẹ́ há aṣọ kí n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Á wá ti ìka kan bọ àlàfo tó wà láàárín bọ́ńpà àti iná iwájú, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Bí ìka náà bá wọ apá kan ju ìkejì lọ, á tú gbogbo rẹ̀, á tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kù á ti ṣe mọ́tò méjì tán kó tó parí ọ̀kan, ṣùgbọ́n èyí tí òun bá dè kì í mì.

Nígbà tí bàbá wa kú, ẹnì kan ní láti fi ilé ìwé sílẹ̀. Òun ló fi í sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún méje. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kó ìwé àti kálámù rẹ̀ fún mi, tó ní ìwé ti sú òun. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí pé mo rí i tó ń yọjú wo ìwé tí mo ń kà láti ẹ̀yìn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba tó kọ́ ti fò lọ, kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ mọ́.

Ìgbà tó pé ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ló rékọjá títì wá bá mi pẹ̀lú páálí iná mọ́tò kan, ó gbé e sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó ní, "Àbúrò mi, kí ni wọ́n kọ síbí?" Láti ọjọ́ yẹn la ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ ni mo fi kọ́ ọ, lórí tábìlì yẹn kan náà. Ọdún kan àtààbọ̀ ló gbà wá. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn nínú rẹ̀ tó àmì ohùn. Ọjọ́ tó yé e pé àmì kékeré yẹn ló ń sọ fún ẹnu pé kó gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Áà! Àṣé ọ̀rọ̀ náà ní nọ́ọ̀tù tirẹ̀. Bí wọn ò bá de nọ́ọ̀tù rẹ̀, á máa mì." Kò sí olùkọ́ tó sọ ọ́ fún mi tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tí mo sì kọ́ àmì ohùn lọ́dọ̀ rẹ̀ gan-an ló ni mọ́tò tó dá gbogbo ìjàngbọ̀n yìí sílẹ̀.

Tíṣà la ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ wa ní èdè nílé ìwé. Ó gbé mọ́tò aláwọ̀ eérú rẹ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀ kan, tí bọ́ńpà iwájú rẹ̀ là sí méjì nítorí pé ó lọ fi kọlu òpó géètì ara rẹ̀. Ó ti ra bọ́ńpà tuntun lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ti ní kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ mọ́tò náà, ó sì ra iná kùrukùru méjì mọ́ ọn, àwọn iná kéékèèké tó máa ń wà nísàlẹ̀ bọ́ńpà, tó ń fi ọ̀nà hàn nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ń lọ sí ìpàdé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi tú bọ́ńpà àtijọ́ kúrò. Nígbà tó yí tuntun padà, ó rí i pé kò ní ojú ibi tí iná kùrukùru á gbà yọ. Mọ́tò tí wọn kì í fi irú iná bẹ́ẹ̀ sí ni wọ́n ṣe é fún. Ibi tó yẹ kí ojú náà wà dí pa, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, á rí ilà tín-ín-rín tí àwọn tó ṣe é fà síbẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ lè gé e níbẹ̀.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Kékeré nítorí pé bàbá rẹ̀ ni Ọ̀gá Àgbà tó dá ibẹ̀ sílẹ̀, ti ṣòfin pé bí ìbéèrè bá wà fún oníbàárà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù kí ẹ̀rí lè wà. Ẹ̀gbọ́n mi nu epo ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí táyà, ó sì tẹ̀ ẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bọ́ńpà tí ẹ rà kò ní ojú iná kùrukùru. Ṣé kí n gé e?" Gbogbo àmì ló pé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà á, torí pé ó ń di lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí àmì rẹ̀ tó jáde.

Èsì dé kíá. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "E ma ge e. Mo n bo."

Kò sí àmì kan ṣoṣo. Bí mo bá fẹ́ ṣe ìkà, mo lè bèèrè pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Tíṣà ń bó ni àbí kí ni.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù náà wá bá mi. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí, torí pé ìtìjú tèmi ló wà níbẹ̀, mi ò sì ní fi pamọ́. Ó ní, "Àbúrò mi, wo èyí. Ṣé 'má' ni àbí 'máa'?"

Abẹ́rẹ́ kún ẹnu mi, aṣọ oníbàárà wà lọ́wọ́ mi. Mo wò ó fìrí. Mo ní, "'Máa' ni jàre. Ta ló ń kọ a méjì lórí fóònù?"

"Ó lè jẹ́ 'má' o."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹni tó ti ra iná tán, ibo ló fẹ́ gbé e sí tí ẹ ò bá gé ojú rẹ̀? Ẹ lọ gé e."

Kò lọ gé e. Ó pe Tíṣà lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Ó fi ọ̀rọ̀ náà han Ọlọ́dà, ẹni tó ń kun mọ́tò níbẹ̀, Ọlọ́dà náà ní "máa" ni. Ó dúró tó wákàtí kan. Ọ̀gá Kékeré jáde, ó ní kí ló ń dúró dè, pé mọ́tò mìíràn ń bẹ nílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó lu ihò kékeré, tó ti ayùn bọ̀ ọ́, tó gé e láti inú, tó wá ń fi fáìlì onírin ha á díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé orí ilà. Ó fi sánpépà ra etí rẹ̀. Mo rí ojú iná méjèèjì láti ojú fèrèsé mi. Ẹ ò ní mọ̀ pé ọwọ́ ló gé e.

Ni Tíṣà bá dé.

"Ta ló ní kí ẹ gé e?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Èmi? Èmi tí mo kọ ọ́ kedere pé ẹ má gé e, mo ń bọ̀! Mo ti bá ẹni tó tà á fún mi sọ̀rọ̀, ó ní òun á fi èyí tó ní ojú pààrọ̀ rẹ̀. Ta ló fẹ́ gba èyí tí ẹ ti dá lu báyìí?"

Ọ̀gá Kékeré sáré jáde. Dípò kó gba fóònù kó wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló kọjú sí. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. "Bàbá Rọra, ẹ ò rí i kà ni?"

Tíṣà wá sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ń fún ẹni tí kò mọ̀wé kà ní irú iṣẹ́ yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. Ó lè sọ pé àbúrò òun tó jáde ilé ìwé ló kà á fún òun. Ó lè sọ pé Ọ̀gá Kékeré fúnra rẹ̀ ló ní kí òun yára. Kò sọ ìkankan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò lè dákẹ́ bá a. Mo ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo sọdá títì pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

Mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán, sà. Èmi ni mo kà á. Òun ní ó lè jẹ́ 'má', èmi ni mo ní 'máa' ni."

Tíṣà wò mí. Ó dá mi mọ̀. "Ìwọ? Ṣé èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà. Ẹ kọ́ mi dáadáa."

Ó ti kọ́ mi lóòótọ́. Mo kọ "Mo ri igba" sínú ìwé mi lọ́jọ́ kan nígbà náà, mi ò fàmì sí i. Ó pè mí síwájú, ó bi gbogbo kíláàsì pé kí ni mo rí. Ṣé igba ni, ṣé igbá ni, ṣé ìgbà ni, àbí ìgbá inú ọgbà? Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí agogo fi lù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo sunkún délé.

Mo rán an létí rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Ọjọ́ yẹn, sà, ẹ ní ẹni tí kò fàmì sí ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ló ń dá wàhálà sí lọ́rùn. Àmì ọ̀rọ̀ tiyín dà?"

Ṣé ẹ mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? Ó ní, "Lórí fóònù? Ta ló ń ráyè àmì lórí fóònù?"

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Ẹni tó ń fi epo mọ́tò lọ́wọ́ tẹ lẹ́tà ráyè. Ẹni tó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ráyè. Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì, tí kò sí ohun tó ń lé e nílé, ni kò ráyè. Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ síta ni ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Rọra." Mo kórìíra ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn ju ohunkóhun lọ.

Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, ńṣe ló ń le koko. Ọ̀gá Kékeré, ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú, fa ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ sáà sọ fún Tíṣà pé ẹ ò mọ̀wé kà, pé kí wọ́n foríjì yín. Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa lọ sinmi nílé."

Ẹ̀gbọ́n mi nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, mo lè sọ pé mo gé ohun tí kò yẹ kí n gé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀wé kà. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi, kí n tó lọ."

Ó sì parí rẹ̀ lójú wọn. Ó de iná méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn bọ́ńpà, ó fi wáyà wọn síbi tó yẹ, ó tàn wọ́n wò kó tó gbé bọ́ńpà sókè. Òun àti Ọlọ́dà ló gbé e. Ó fọwọ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo nọ́ọ̀tù, ó tìka bọ àlàfo ọ̀tún, ó tìka bọ tòsì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà kan sára ògiri, ó wa mọ́tò náà kọjú sí i, ó tanná. Ìmọ́lẹ̀ méjèèjì balẹ̀ sórí ilà kan náà, ọ̀kan ò ga ju ìkejì. Tíṣà wo ògiri. Ó wo bọ́ńpà. Ó fọwọ́ pa etí ojú iná, ó sì mọ̀ pé kò sí bọ́ńpà tí ẹni náà ìbá fi pààrọ̀ rẹ̀ fún un tó máa dára ju èyí lọ. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kó sípánà rẹ̀ sínú àpótí, ó gbé e wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, nínú oòrùn, lórí pákó tí mo tẹ́ sílẹ̀ fún un. Ó ń rí mọ́tò díẹ̀ tún ṣe. Kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé wá bá mi pẹ̀lú páálí iná kan, ó gbé e sórí tábìlì mi, ó ní, "Bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ kà á."

Ó ní, "Ìwọ kà á. Kí n má lọ ṣì í kà."

Ọdún kan àtààbọ̀ la fi kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ló gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ka páálí náà fún un, mo wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lọ, mo sunkún ìbínú níbẹ̀. Tíṣà ni mo ń bínú sí, Ọ̀gá Kékeré ni mo ń bínú sí, ṣùgbọ́n ara mi tí mo fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu dá a lóhùn ni mo ń bínú sí jù.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni fóònù rẹ̀ dún lọ́sàn-án kan. Tíṣà ni. Mi ò mọ ohun tó tì í ṣe é. Bóyá kùrukùru ká a mọ́nà láàárọ̀ tí iná méjèèjì sì fi ọ̀nà hàn án. Bóyá ìyàwó rẹ̀ ló bá a wí. Ohun tó kọ ránṣẹ́ nìyí: "E ma binu."

Ẹ gbà mí o. Kò tún fàmì sí i!

Ẹ̀gbọ́n mi na fóònù náà sí mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ yẹn. Mo kọ̀, mi ò gbà á. Mo ní, "Mo ti rí i láti ibí. Ó ní ẹ máa bínú. Ohun tí èmi sì ń ṣe bọ̀ láti ọjọ́ yẹn nìyẹn, mi ò sì ní dáwọ́ dúró, torí pé tíṣà mi ló pàṣẹ rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn tí mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó wá jókòó sórí pákó, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, kò bi mí bóyá ó tọ̀nà. Èmi ni mo dìde lọ wò ó. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ kú ọ̀sán, sà. Mo rí ọ̀rọ̀ yín. Ṣé 'má' ni àbí 'máa'? Mi ò fẹ́ ṣì í kà lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹ má rò pé ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò mọ yẹ̀yẹ́ ṣe. Ó ń bèèrè ni, bó ṣe bèèrè kó tó gé bọ́ńpà. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé pàṣán tí Tíṣà fi nà wá nígbà náà dunni tó ìbéèrè yẹn.

Èsì náà pẹ́ kó tó dé. Ó tó wákàtí kan. Ẹ̀rí wà lára rẹ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ di lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀: "Ẹ má bínú, sà. Ẹ mọ̀wé kà. Èmi ni mi ò kọ ọ́ dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n mi kà á. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, láìsí ohùn. Ó dìde, ó sọdá títì. Èmi náà tẹ̀ lé e, kí n má parọ́. Ọ̀gá Kékeré wà níbi tó ti sọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́sí, Ọlọ́dà àti àwọn yòókù wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na fóònù náà sí Ọ̀gá Kékeré pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á sókè."

Ọ̀gá Kékeré kà á. Ohùn rẹ̀ ròkè níbẹ̀rẹ̀, ó sì relẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ó kà á parí, gbogbo wọn sì gbọ́. Òun ò bẹ ẹnikẹ́ni o, lámì tàbí láìlámì. Ó sáà dúró síbẹ̀, ó ń wo ojú fóònù bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù rẹ̀ padà.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Bí èmi náà ṣe kà á nìyẹn."